Hẹn Tí Adédoyin Ṣe

Òtílí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ irú èèyàn tí Adédoyin jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò dàgbà lápá ọ̀dọ̀ wa, òtílí ni ẹ̀wà kan tó le bí òkúta, tí í jẹ gbogbo igi tó wà nídìí ààrò kó tó rọ̀. Yèyé rẹ̀ gbé e kaná láàárọ̀, ó ní kí Adédoyin máa bomi sí i, ó bá tirẹ̀ lọ sóko. Èmi jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń rànwú. Adédoyin dojú odó délẹ̀, ó jókòó lé e, ó gbé ìwé lé orúnkún, ó ń kọ ọ́.

Mo ní, "Adédoyin, ṣé o ti bomi sí òtílí?"

Ó ní, "Hẹn."

Ó ṣe díẹ̀, mo ní, "Mo ń gbóòórùn nǹkan o."

"Hẹn."

"Ṣé kì í ṣe òtílí ló ń jóná yẹn? Àbí o ti mọ̀?"

"Hẹn."

Èmi gbà á gbọ́, mo ń rànwú mi lọ. Ìgbà tí Yèyé fi ti oko dé, ìkòkò ti là. Adédoyin gbójú sókè, ó wo èéfín, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá wò mí, ó ní, "Wùnmí, kí ló dé tí o ò pè mí?"

Mo ṣe bí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lóòótọ́ ni kò gbọ́ mi. Yèyé káwọ́ lérí, ó ní, "Hẹn ọmọ yìí ló máa tà á fún ẹni tí kò mọ̀ lọ́jọ́ kan." Ọ̀rọ̀ ìyá kì í fẹ́ẹ́ lọ lásán.

Èmi Ọláwùnmí tí mo ń kọ èyí, mi ò lọ sílé ìwé. Kíjìpá ni mo hun títí ọwọ́ mi fi gan. Ìwọ̀nba à-bí-dí tí mo mọ̀, Adédoyin ló fi eédú kọ ọ́ sára ògiri ilé wa fún mi. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi tún ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe, nítorí ojú mi ló ṣe.

Ayédé-Èkìtì ni wọ́n bí wa sí. Bàbá tó bí Adédoyin ni Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkùnrin gàgàrà tí í fún ọrùn aṣọ mọ́ra bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin kàwé dé ìwé mẹ́fà, àwọn èèyàn sì ń bi í pé ta ni yóò máa gúnyán fún ọkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó bi í tán, ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ya bo ilé ìwé bí eéṣú, tíṣà ò sì tó. Báyìí ni wọ́n ṣe pe Adédoyin kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Tíṣà ló jẹ́ láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti lu agogo ìsinmi, ó di nǹkan mìíràn. Ìtàn ló ń kọ. Gbogbo alámọ̀, orin Èkìtì tí àwọn ìyá wa ń dá lójú agbo, tí í fẹ́ lọ bí afẹ́fẹ́ bí agbo bá tú, ó ń mú un, ó ń fún un ní ẹsẹ̀, ó ń fún un ní ilé tó máa gbé. Obìnrin kankan kò ṣe irú rẹ̀ rí nílùú wa. Ìtìjú kò sì jẹ́ kó fi hàn ẹnikẹ́ni àfi èmi tí kò lè kà á. Ó ní etí mi tó.

Ọdún ilé ìwé ọ̀fẹ́ yẹn náà ni Ilésanmí dé. Káfíńtà ni, ọmọ Ìrè-Èkìtì, wọ́n ní kó wá kan àga àti ìjókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, tí í fi ìṣó sẹ́nu tó bá ń ṣiṣẹ́. Adédoyin lọ bá a nídìí pákó.

"Bọ̀dá, ẹ kú uṣẹ́ o."

Ó yọ ìṣó lẹ́nu. "Tíṣà, ẹ kú uṣẹ́ náà o. Ìjókòó yín ò tíì yá."

"Kì í ṣe ìjókòó ni mo bá wá. Ègé pákó kan tí ẹ ò ní í lò ni mo fẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ máa fi na ọmọ ni?"

"Mo fẹ́ máa gbé e lé orúnkún kọ̀wé ni."

Ilésanmí mú ègé kan, ó fẹ́ nà án sí i, ó tún fà á padà. Ó fi ìka pa ojú rẹ̀, ó mirí. "Èyí á máa kọ́ gègé lẹ́sẹ̀." Ó gbé ìfági, ó fá a, ó fá a, títí ojú pákó fi ń dán bí omi inú àmù. Ó tún yí etí rẹ̀ po kó má baà gún un lórúnkún. Bí Adédoyin ti gbà á báyìí, ó gbàgbé láti dúpẹ́. Ó kàn ń fọwọ́ pa á lọ sílé.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé ẹ̀kọ lọ fún un lákòókò ìsinmi, mo máa ń bá a lábẹ́ igi òro iwájú ilé ìwé, pákó lórí orúnkún, Ilésanmí níwájú, ó ń kan ìjókòó, ó ń dá ọ̀rọ̀ sọ.

Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní oòrùn máa mú gan-an lónìí."

"Hẹn."

"Wọ́n sì ní òjò máa rọ̀ dalẹ́."

"Hẹn."

Ó dáwọ́ dúró. Ó wò mí. Mo ti ń fi ìborùn bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Ó tún yíjú sí i, ohùn rẹ̀ sì yí padà: "Tíṣà, ṣé ẹ ó fẹ́ mi?"

"Hẹn."

Ẹ̀kọ fẹ́ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kì í ka hẹn sí. Láyé tiwa, alárinà lè lọ lè bọ̀ títí bàtà rẹ̀ á fi já, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí ọmọbìnrin ṣe hẹn. Ìjọ́hẹn nìyẹn. Bó bá ti ṣe é, wọ́n á gbé obì wá, bàbá á jẹ ẹ́, ó parí. Ẹni tó bá pọ hẹn rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá ti jẹ obì, ó ti fi bàbá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà lójú ìlú.

Ọkùnrin mìíràn ì bá fò sókè. Ilésanmí gbé òòlù sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ìwọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́ ọ ketekete!"

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mi ò gbà á."

"Ẹ ò gbà á kẹ̀? Ṣé ẹ ò fẹ́ ẹ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe hẹn yẹn kò sí nílé. Bí o bá dé ulé èèyàn tí o ò bá a, ṣé o máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ ni? Mo máa dúró kó dé. Jọ̀ọ́, má sọ fún un. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ bi í."

Ọjọ́ náà ni mo fi ara mi ṣe alárinà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Eré Ìkórè ni Adédoyin ń kọ nígbà náà. Ìjọ ló ní kó kọ ọ́ fún àwọn obìnrin. Ilésanmí ní òun ò ní dá a lọ́nà. Bó bá parí eré, òun á sọ̀rọ̀. Kí eré tó parí, wọ́n ránṣẹ́ sí i láti ìlú rẹ̀ ní Ìrè pé ilé ìwé tiwọn náà ń fẹ́ àga. Ó di pákó àti ayùn mẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Yèyé ránṣẹ́ pè mí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wùnmí, kí ló ṣe ọ̀rẹ́ rẹ?"

"Kí ló ṣe é, Yèyé?"

"Ó ń gbọ́ràn! Bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀kan, ó ti jẹ́. Ó ń bomi sí ọbẹ̀ kí n tó wí. Àná, ó ní, 'Yèyé, mo gbọ́ pé ewúrẹ́ ń jẹ àgbàdo yín.' Ọmọ mi! Ẹ̀rù ń bà mí, àbí àìsàn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, Yèyé sì bú mi dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá Adédoyin lẹ́yìnkùlé, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Pákó wà lórí orúnkún rẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí ìwé.

Ó ní, "Gègé ò lọ mọ́, Wùnmí. Bí mo bá kọ ọ́ pé 'ọkùnrin náà dé', mo ti gbójú sókè, mo ń wo ọ̀nà Ìrè."

"Ó máa dé."

"Ta ló sọ pé ó ń bọ̀ wá bá mi? Kò bi mí ní nǹkan kan rí. Bóyá pákó lásán ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú pákó."

Mo gé ètè jẹ. Ẹni tó ní kí n má sọ, òun náà ni mi ò fẹ́ kó bínú sí mi.

Ó dé. Ìkórè ku díẹ̀, ọ̀sán gangan, mo rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fi eruku pupa bora. Ó yà lójúde wọn, ó kí Yèyé, ó kí Adédoyin, ó ní òun á wá tún ìpàtẹ Ìkórè kàn, ó sì lọ. Kò jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti yíjú padà, Adédoyin ti gbé pákó lé orúnkún, gègé ń sáré lórí ìwé bí ẹni pé ajá ń lé e. Mo pè é. "Hẹn." Mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Mo bá tèmi lọ.

Ìgbà tí mo lọ tán yẹn ni Ìyá Láyí wọlé.

Àbúrò bàbá Adédoyin ni Ìyá Láyí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bánkọ́lé ló sì ń bá wá aya. Ará Ùsì ni Bánkọ́lé, òun ló ń ra kòkó lágbègbè wa, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ó sì ní lọ́rì tó fi bá ìjọ wa kó páànù láti Adó. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Bàbá Ìjọ fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú.

Lọ́jọ́ kejì, níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ìjọ gbé ojú sókè, ó ní, "Olúwa, a dúpẹ́ fún ọkọ tí O fi fún ọmọ wa."

Adédoyin la ojú. "Ọkọ wo, Bàbá?"

"Bánkọ́lé. Ṣé mélòó ni?"

Ìyá Láyí wà níbẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìtìjú ló ń ṣe é. Èmi bi í fúnra mi. Mo ní, 'Adédoyin, Bánkọ́lé ará Ùsì ní òun fẹ́ ọ, ṣé o gbà?' Ó ní hẹn. Mo ní, 'Kí n lọ sọ fún bàbá rẹ?' Ó ní hẹn. Mo ní, 'Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ọmọ gidi ni ọ́.' Ó tún ní hẹn!"

"Mi ò gbọ́ yín, Ìyá Láyí! Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ wá!"

"Etí ta ni mo wá fi gbọ́ ọ?"

Adédoyin dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin níwájú bàbá rẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní Ilésanmí káfíńtà lòun ń rò lọ́kàn.

Bàbá Ìjọ bú sí i. "Ará Ìrè! Ibi tí Ògún wọlẹ̀ sí! Kí ọmọ Bàbá Ìjọ lọ máa gbé láàárín àwọn tó ń bẹ́ ajá? Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Hẹn rẹ ńkọ́? Mo ti jẹ obì lé e lórí. Ṣé kí n wá pọ̀ ọ́?"

Ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Bánkọ́lé àti àwọn èèyàn rẹ̀ á wá gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Adédoyin wá sọ ọ́ fún mi. Ó ní, "Bí mo bá fẹ́ Bánkọ́lé, kò ní nà mí, kò ní febi pa mí. Ṣùgbọ́n á máa pè mí, Wùnmí, mo sì gbọ́dọ̀ máa jẹ́. Ìgbà tí mo bá ti ń jẹ́ gbogbo ìpè, mi ò ní kọ nǹkan kan mọ́."

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Àwọn àgbà ilé kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bánkọ́lé wọ agbádá, òun àti àbúrò rẹ̀ jókòó sápá ọ̀tún. Wọ́n ní kí Adédoyin jókòó sí kọ̀rọ̀ nídìí ilẹ̀kùn, èmi náà há mọ́ ọn. Ìyá Láyí rò ó bó ṣe rò ó tẹ́lẹ̀, ó tiẹ̀ fi ijó díẹ̀ kún un. Bàbá Ìjọ ní, "Ẹ ti gbọ́. Ọmọ mi ṣe hẹn. A kì í pọ̀ ọ́ nílé yìí."

Mo yọ ìborùn, mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Bó bá jẹ́ pé hẹn ló ń fúnni láya, Adédoyin ti ní ọkọ kí Ìyá Láyí tó débẹ̀."

"Ta ló pè ọ́ sí i?" Ìyá Láyí ti dìde. "Ìwọ ahunṣọ, lọ máa hun kíjìpá rẹ!"

"Mo ń hun ún, Ìyá Láyí, mo sì ń fi etí gbọ́rọ̀. Ó ti ṣe hẹn fún Ilésanmí ṣáájú. Níṣojú mi ni. Ẹ ránṣẹ́ pè é."

Ilé dàrú. Wọ́n ránṣẹ́. Ilésanmí dé pẹ̀lú bùbá funfun tó fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dọ̀bálẹ̀ yí wọn ká. Bàbá Ìjọ kò ní kó dìde.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, ọmọ yìí ní Adédoyin ṣe hẹn fún ọ. Òótọ́ ni àbí irọ́?"

Mo tẹjú mọ́ ọn. Mo ń sọ ọ́ nínú mi pé, wí pé òótọ́ ni, kí o dákẹ́. Wí pé òótọ́ ni, kí o gba aya rẹ máa lọ.

"Òótọ́ ni, sà. Ó ṣe é."

Ariwo ta. Bánkọ́lé fẹ́ dìde. Ilésanmí gbé orí sókè láti ilẹ̀ tó wà.

"Ṣùgbọ́n mi ò gbà á."

Bàbá Ìjọ na ọrùn sí i.

"Kí ni ìtumọ̀ mi ò gbà á?"

"Ó ń kọ̀wé lọ́wọ́, sà. Ẹni tó ṣe hẹn yẹn kò sí nílé. Mo ní n ó padà wá nígbà tó bá dé. Mi ò lè fi í gba ìyàwó lónìí nítorí pé ó yá mi lára."

Ṣé ẹ rí mi, mo fẹ́ẹ́ fi ìborùn fún un lọ́rùn! Ìyá Láyí pàtẹ́wọ́. "Àsọdùn! Ta ni í ṣe hẹn tí kò mọ̀?"

Yèyé kì í sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin. Lọ́jọ́ náà, ó wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo ìdí ilẹ̀kùn yẹn."

Gbogbo orí yí sí kọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn, bí ìdààmú bá pọ̀ fún un, á wọ yàrá sunkún. Ti Adédoyin, inú ìwé ló ń sá sí. Omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀, pákó ti wà lórí orúnkún, ó ti lọ.

"Adédoyin," Yèyé pè é.

"Hẹn."

"Ṣé ká dáná sun ulé yìí?"

"Hẹn."

"Ká wá gbé bàbá rẹ lé orí ààrò dípò ìkòkò òtílí tí o fọ́?"

"Hẹn, Yèyé."

"Yèyé" tó fi kún un yẹn ló pa wọ́n. Àwọn àgbà ń wó lura wọn. Bàbá Ìjọ fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, a ò mọ̀ bóyá ẹkún ni. Ìyá Láyí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹnu Adédoyin bí ẹni tí wọ́n ta ayédèrú iyùn fún.

Bánkọ́lé ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ó nu ojú. "Ẹ̀yin ará Ayédé, kòkó ni mò ń rà. Bí mi ò bá tíì la ẹyọ kòkó wo inú rẹ̀, mi ò kí ń gbé e sórí ìwọ̀n. Hẹn yìí, mi ò là á wò kí n tó gbé obì wá. Bàbá Ìjọ, obì tí ẹ jẹ, mo fi ta yín lọ́rẹ. Lọ́rì mi ṣì ń kó páànù ṣọ́ọ̀ṣì." Ó wo Ilésanmí nílẹ̀. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, o ya wèrè. Ṣùgbọ́n ká ní mo ní ọmọ obìnrin, ǹ bá fi í fún ọ."

Bàbá Ìjọ kò tíì gbà. "Ìyẹn ò sọ ará Ìrè di ará Jerúsálẹ́mù. Ògún ni ẹ̀ ń sìn níbẹ̀."

"Bàbá, irin Ògún ni ìṣó tó di òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yín mú," ni Ilésanmí wí. "Bí ẹ bá ní kó bọ́ sílẹ̀, òjò á wọlé sórí Bíbélì."

Bàbá àgbà kan ní, "Háà, ó dáa!" Bàbá Ìjọ wo ọmọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Ó ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ohun tí ọmọ náà ń ṣe lórí pákó yẹn, iṣẹ́ ni. Ó ní, "Ẹ gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀. Kó dáhùn fúnra rẹ̀."

Yèyé gba gègé. Adédoyin jí bí ẹni tó sùn sójú ọ̀nà, ojú rẹ̀ bọ́ sórí Ilésanmí. "Ìgbà wo lẹ dé?"

Wọ́n tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọn ò lè rín in mọ́. Ilésanmí rákò lọ síwájú rẹ̀, ó fi ìka kan pákó tó wà lórí orúnkún rẹ̀: kó, kó.

"Tíṣà, ṣé ẹ wà nílé?"

"Mo wà nílé."

"Ṣé ẹ ó fẹ́ mi?"

Kò yára. Ó ní, "Bí mo bá ń kọ̀wé tí ọbẹ̀ jóná ńkọ́?"

"A ó jẹ ẹ́ ní jíjóná."

"Bí ìkòkò bá là?"

"Ìkòkò wà lọ́jà. Irú yín ni kò sí."

Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo Yèyé. Ó ní, "Hẹn."

Mo ti gbọ́ hẹn lẹ́nu ọmọ yìí láti kékeré. Èyí yàtọ̀. Ó ní ojú, ó ní ẹsẹ̀, ó rìn wá bá wa nínú ilé.

Wọ́n ṣe eré náà lọ́jọ́ Ìkórè. "Ebè Ọkọ Mi" ló pè é. Obìnrin kan ni ọkọ rẹ̀ lọ sí Gólúkóòsì, tí ẹ̀ ń pè ní Gánà báyìí, tí kò padà. Lọ́dọọdún ló ń kọ poro ebè kan sọ́tọ̀ fún un nínú oko. Nígbà tí ẹni tó ń ṣe obìnrin náà dé ibi tó ti dá alámọ̀, báyìí ló ṣe dá a:

"Ẹ má tẹ ebè yìí, ọkọ mi ló ni ín.
Usu tó ta síbẹ̀, ẹnu kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n.
Bí òjò bá ń rọ̀, mo ṣe bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.
Bí òjò bá dá, mo ṣe bí ó kọjá ulé ni."

Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn wà ní Gólúkóòsì bú sẹ́kún. Ìyá Láyí náà sunkún. Ọkọ tirẹ̀ ti lọ síbẹ̀ kí Láyí tó rìn, àwa ọmọdé ò mọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá Adédoyin, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó lọ.

Ilésanmí fẹ́ ẹ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohun tó kọ́kọ́ gbé wọlé kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, tábìlì ni, igi ìrókò, ó fá a dán bí pákó ọjọ́sí. Tábìlì náà ló ń kàn bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kì báà kéré, kì báà jẹ́ pé iyọ̀ tán, á fi ìka kàn án, kó, kó, á ní, "Tíṣà, ṣé o wà nílé?" Bí kò bá dáhùn, á yọ́ jáde. Èmi náà jẹ ọbẹ̀ tó jóná nílé wọn, kò níye. Ilésanmí á máa lá ìka bí ẹni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ibẹ̀ ni Adédoyin ti kọ gbogbo ohun tó kọ. Àwọn obìnrin ìjọ láti Òyè, láti Ìdó, láti Ìkòlé, wọ́n ń wá gba eré lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ yí gbogbo "ulé" rẹ̀ sí "ilé". Ó fèsì pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ulé òun, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó wọlé. Wọ́n fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, ìtàn náà di ìwé. Bàbá Ìjọ ti darúgbó nígbà náà, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Bọ́lánlé, àkọ́bí wọn, ló jókòó kà á sí i létí. Nígbà tó kà á tán, bàbá ní, "Kà á láti ìbẹ̀rẹ̀." Dòní, bí ẹnì kan bá ń dáhùn láìfetísílẹ̀ ní Ayédé, wọ́n á ní, "Hẹn Adédoyin lò ń ṣe." Wọn kì í fi bú èèyàn. Ẹ̀rín ni.

Orí gbogbo wa ti funfun kí Adédoyin tó lọ. Tábìlì ìrókò náà, ó ní kí wọ́n gbé e fún mi. Lórí rẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ilésanmí fúnra rẹ̀ ló kan pósí. Àwọn ọmọ ní kó jẹ́ káwọn rà á, kò gbà. Ó fá a dán.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, kí wọ́n tó gbé e, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ìdérí: kó, kó.

"Tíṣà," ó ní, "ṣé o wà nílé?"

Ó dúró. A jọ dúró. Àlùfáà tẹ orí ba. Ó dúró bó ṣe máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, bí ẹni tí kò kánjú, bí ẹni tó mọ̀ pé ibi tó lọ dára.

Nígbà tó yá, ó nàró, ó yí padà sí wa.

"Ẹ máa gbé e lọ jẹ́ẹ́," ó ní. "Ó ń kọ̀wé ni. Kò sí nílé."